Sí Bùnmi, Tó Fẹ́ Kó Ẹrù Bọ̀ Nílé Nítorí Èdè Kọ̀ǹpútà

Ìlobù,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Olùbùnmi, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Èmi bàbá rẹ ni mò ń kọ̀wé sí ọ. Èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí mo ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìn tì, alàgbà nínú ìjọ, ẹni tí awakọ̀ ń dẹ ọkọ̀ sílẹ̀ fún kó lè ráyè sọ pé, "Ẹ káàsán, sà." Mo ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣá ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Jókòó dáadáa. Bí o bá ń jẹ gúgúrú, gbé e sílẹ̀.

Ọwọ́ Fúnmi àbúrò rẹ ni o máa rí lórí ìwé yìí. O mọ̀ pé ojú mi kò gbé ìwé mọ́. Òun ló ń bá mi kà á, òun ló ń bá mi kọ ọ́. O sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, n kì í sọ ọ́ lórí fóònù. Ọmọ náà ń gbìyànjú. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó ń gbìyànjú gan-an, ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ lọ.

Lánàá ló gbé fóònù sí mi létí, mo sì gbọ́ ohùn rẹ. O ní, "Fúnmi, bá mi sọ fún Bàbá pé mò ń bọ̀ nílé ní Sátidé. Ẹrù mi ni mò ń kó báyìí. Mi ò ṣe mọ́." Lẹ́yìn náà ni o sunkún díẹ̀, o wá fẹ́ fi ikọ́ bò ó. Èmi ni mo bí ọ. Mo mọ ikọ́ rẹ.

Fúnmi tún ní o fi fótò mẹ́ta ránṣẹ́ sí òun. Ó ṣàlàyé wọn fún mi títí wọ́n fi yé mi. Ẹbí ńlá kan ní Òṣogbo gbéṣẹ́ fún ọ́fíìsì yín: wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá wọn to orúkọ ará ilé láti orí àgbà dé orí ọmọdé, kí wọ́n lè jáwọ́ nínú ìjà ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ pè nínú ìpàdé ẹbí. Ọ̀gá yín ní kí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe é, kálukú ní èdè kọ̀ǹpútà tó mọ̀. Ọ̀kan fi Java kọ tirẹ̀, ó gba ojú ìwé kan àbọ̀. Èkejì fi JavaScript kọ tirẹ̀. Ìwọ fi Python kọ tìrẹ, ìlà méje péré. Mo bi Fúnmi pé kí ló dé tí wọ́n fi orúkọ ejò sọ èdè. Ó ní òun náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n kì í bu ènìyàn jẹ.

Ọ̀gá yín lẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi bírò gbá tìrẹ, ó ní, "Ẹ wo èyí. Àròkọ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Java là ń sọ níbí. Ẹni tí kò bá gbọ́ Java, ilẹ̀kùn nìyẹn." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín.

Nítorí ẹ̀rín yẹn ni o ṣe fẹ́ fi iṣẹ́ tí o wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn sílẹ̀. Èmi bàbá rẹ sọ pé rárá. O kò gbọdọ̀ wá. Fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Àkọ́kọ́: èmi náà ti kó ẹrù wálé rí. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Olùkọ́ wa kan gbé ìwé mi sókè níwájú kíláàsì, ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àpótí mi lérí, mo wọkọ̀, mo dé Ìlobù. Ìyá mi gúnyán fún mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún gúnyán. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi na àdá sí mi, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Odidi ọdún kan ni mo fi wà nínú oko ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó gbà kí n padà. Olùkọ́ tó fi mí ṣẹ̀sín kò mọ̀ pé mo lọ. Kò bèèrè mi rí. Mo rò pé mò ń fìyà jẹ ẹ́ ni, èmi ni mo sì jẹ ìyà náà tán.

Nítorí náà, ọmọ mi, iyán ọjọ́ méjì ló wà nílé fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àdá ni. Nítorí pé wọ́n rẹ́rìn-ín kọ́ ni o máa fi dìde lórí àga rẹ. Jókòó tì í. Jókòó tì í títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun mìíràn tí wọn yóò ṣe.

Èkejì le fún mi láti sọ, nítorí nínú èyí, èmi ni mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, ilé-ìwé kan ní Ìfọ́n ni wọ́n gbé mi lọ. Ọmọ Ìlobù lọ kọ́ ọmọ Ìfọ́n níwèé: o mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí mi. Láti ilé ni mo ti pinnu pé kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ohunkóhun níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo kọ ìṣirò sójú pátákó: ẹ pín igba ó lé mẹ́rìndínlógún sí ọ̀nà mẹ́jọ. Mo ti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ṣe é, pẹ̀lú ìlà gígùn àti nọ́ńbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin kan kò bá ti àtẹ̀gùn lọ. Ó fa poro mẹ́jọ sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbin àgbàdo. Ó gbin ogún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi méje méje lé ti tẹ́lẹ̀. Ó kọ ìdáhùn sísàlẹ̀. Mo fún un ní òdo. Mo gbé ìwé náà sókè, mo ní, "Ẹ wá wo àgbẹ̀!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ́ ṣì wà ní èjìká rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ìdáhùn yẹn?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, mà."

"Èló lọmọ mi kọ?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Èwo wá ni òdo?"

"Mà, ọ̀nà tó gbà ṣe é ni…"

"Báwo lẹ ṣe dé Ìfọ́n láàárọ̀ yìí?"

"Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn, mà."

"Ẹsẹ̀ lèmi fi rìn wá láti oko. Ṣé mi ò tíì dé ni?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. N kò sì pa òdo náà rẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kò wá sílé-ìwé mọ́. Káfíńtà ni lónìí, ó ń kan òrùlé ní Ìfọ́n, wọ́n sì ní bó bá wọn pákó fún ilé, pákó kì í ṣẹ́ kù, kì í sì í dín. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo ní, "Ìwọ lo gba ìṣirò yẹn. Èmi ni mo fèèlì." Ó gbé àga fún mi. A jókòó.

Ohun tí ọ̀gá rẹ ń ṣe fún ọ nìyẹn, Bùnmi. Ọ̀nà tó mọ̀ ló ń wò, kò wo ibi tí o dé. Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, má ṣe é fún Java. Wo ilé aránṣọ. Fún aránṣọ mẹ́ta ní ìwọ̀n kan náà: ọ̀kan ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ rán an, ọ̀kan ń lo ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀kan ń lo oníná. Ọlọ́wọ́ ń falẹ̀, ṣùgbọ́n níbi kọ́là o lè dá a dúró lórí ojú kan ṣoṣo. Oníná ń sáré, ṣùgbọ́n gbójú kúrò díẹ̀, ó ti rán apá mọ́ ẹ̀yìn, wàá sì fi ọ̀sán gbogbo tú u. O lè máa rò pé ibo ni mo ti mọ gbogbo èyí. Bàbá máa ń mọ nǹkan.

Báyìí náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín ṣe rí lára ògiri. Java yẹn, kí o tó gbé ohunkóhun sínú àpò, ó ní kí o kọ́kọ́ sọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀: orúkọ ni àbí nọ́ńbà. Ó ń rẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí o bá ki orúkọ bọ àpò ọdún, kíá ló máa pariwo, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Python kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Ó gbà ọ́ gbọ́. Bí o bá ṣì í, iwájú oníbàárà ló máa tó hàn. JavaScript ní tirẹ̀, bí o kò bá kìlọ̀ fún un, á máa wo nọ́ńbà bí ọ̀rọ̀, á sì ka ọgọ́rùn-ún ṣáájú mẹ́sàn-án, á tún máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí èyí tí kò ní àrùn tirẹ̀ nínú wọn. Kọ́ Java náà. Má kọ́ ọ nítorí pé wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Kọ́ ọ kó má sí ẹni tó máa tún lè nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún ọ.

Ẹ̀kẹta nìyí, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé. Fa etí rẹ súnmọ́ mi.

Fúnmi ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mi létí, ìlà dé ìlà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Nígbà tó kà á tán ó ní, "Bàbá, ìbéèrè kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bi ènìyàn: ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

Mo ní, "Kí ló wá burú nínú ìyẹn?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ rántí Àjíǹde."

Mo rántí. Ìwọ kò sí nílé. Ìpàdé ẹbí wa ni. Akọ̀wé ẹbí, ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ èyí tó fi ipò sílẹ̀, ti to orúkọ gbogbo wa bí ọjọ́ orí wa ṣe tò. Ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan ká wá sọ̀rọ̀ níwájú. Ó pe ìyá rẹ. Ìyá rẹ kò mira.

"Màmá Bùnmi, ẹ̀yin ló kàn, mà."

"Èmi kọ́."

"Ẹ̀yin ni, mà. Bọ̀dá Kékeré ló tẹ̀ lé yín. Ogún ọdún lẹ fi jù wọ́n lọ. Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé ta? Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí, ọkọ mi kékeré yìí ń sáré kiri àgbàlá láìwọ ṣòkòtò. Ó ti wà nílé kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí o bá tún pè mí ṣáájú rẹ̀, ìwọ àti ìwé rẹ ni ẹ máa jọ ṣe ìpàdé yìí."

Bọ̀dá Kékeré, àbíkẹ́yìn bàbá mi, fọwọ́ bojú. Ó ní, "Ìyàwó mi, ó ti tó. Fi ọ̀rọ̀ ṣòkòtò sílẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé sì tún orúkọ kọ.

Bùnmi, ṣé o ti rí i? Ọmọ ilé wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìyàwó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e. Ọjọ́ tí o wọlé ni ipò rẹ. Ọjọ́ orí rẹ dọwọ́ ìwọ àti ìyá tó bí ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí kọ̀ǹpútà bi ènìyàn: ọjọ́ wo lo wọ ilé yìí? Java fi ojú ìwé kan àbọ̀ ṣe é, bí a bá sì kó ẹbí wa sínú rẹ̀, á gbé ìyá rẹ ṣáájú Bọ̀dá Kékeré. Python fi ìlà méje gbé e síbi kan náà. JavaScript náà gbé e síbẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ tí ẹ ń fi èdè na ara yín, kò sì sẹ́nì kan nínú yín tó bi ẹbí yẹn pé kí ni wọ́n fi ń ju ara wọn lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ lò ó, ìjà tó máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yóò ju èyí tí wọ́n ń sá fún lọ.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe lọ́jọ́ Ajé nìyí. Tètè dé. Kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ. Kúnlẹ̀ dáadáa, kí orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, kó má rí ohun tó máa fi bú wa. Lẹ́yìn náà, dìde. Bí o bá ti dìde báyìí, o ò gbọdọ̀ tẹ̀ba mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Sọ fún un pé, "Sà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kùnà." Má sọ pé tìrẹ dára ju tiwọn lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá kí o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, nítorí ohun tí o kò bá lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ nílé ìdáná, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Bó bá jiyàn, ní kó pe ìyàwó ilé wọn kan lórí fóònù kó bi í. Lẹ́yìn náà kí o tún tìrẹ kọ ní Python. Tí o bá ti gbọ́ Java díẹ̀, kọ ọ́ ní Java pẹ̀lú, kí o lẹ méjèèjì mọ́ ògiri fúnra rẹ. Bó bá tún rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rín in tán. Dúró síbẹ̀ kí o máa wò ó.

Ẹ̀kẹrin, kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ Fúnmi. O mọ̀ pé ilé-ìwé ní kó máa lọ nígbà tó wà ní SS Two, nítorí ó fi ohùn ọ̀gá àgbà kéde ìsinmi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìdajì àwọn ọmọ sì ti délé kí wọ́n tó mọ̀. Mo bínú nígbà yẹn. Mo ti tún un rò. Ẹni tó lè ṣe ohùn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ yẹn, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó padà sílé-ìwé. Ó yẹ kí wọ́n fún un ní láàpútọ́ọ̀pù rẹ àtijọ́. Ó yẹ kí wọ́n máa bu ẹran tó tóbi fún un, kí wọ́n sì yéé pè é láti ẹ̀yìnkùlé wá bá wọn wá rìmóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn…

Àǹtí Bùnmi, ẹ ti mọ̀, àbí?

Ó dá mi lójú pé ibi ẹ̀rọ ìránṣọ, iṣẹ́ tí mò ń kọ́ láti ìgbà tí ilé-ìwé ti lé mi, lẹ ti mọ̀. Èmi ni. Ẹ má bínú. Bàbá wà ní ìta lórí àga rẹ̀, ó ń bi mí pé kí ni mò ń kọ láti ọ̀sán. Mo ní ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ni. Ẹ wo bó ṣe dùn mọ́ mi tó láti pè yín ní ìwọ láti òkè ìwé dé ibí! N kò ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Mo kúnlẹ̀ báyìí, lóòótọ́, orí ìjókòó ni mo gbé ìwé lé.

Ẹ jẹ́ kí n ya òótọ́ sọ́tọ̀. Pé Bàbá sá wálé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, òótọ́ ni. Màmá ló sọ fún mi nígbà tí a ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, ó sì ní tí mo bá sọ pé òun ni, òun máa ní irọ́ ni. Òdo tó fún ọmọ Ìfọ́n, òótọ́ ni. Bàbá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó gbàgbé pé èmi ni mo jókòó tì í. Ti Àjíǹde, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ bẹ káfíńtà yẹn. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Títí dòní, tí a bá jọ lọ sí Ìfọ́n, Bàbá á ní ká gba ẹ̀yìn ilé-ìwé, ká má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí mo kọ ibi tí wọ́n ti gbé àga fún un, mo tún un kà. Ó wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sọ lánàá nígbà tó gbọ́ ohùn yín kò pọ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó máa bọ̀." Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Mò ń dúró wo ibi tí kọ̀ǹpútà máa gbé Bùnmi dé kí n tó sọ̀rọ̀ ilé-ìwé tìrẹ. Mo ti rí i báyìí. Máa ránṣọ rẹ lọ."

Ṣé ẹ ti gbọ́? Kì í ṣe ẹrù yín nìkan lẹ ń kó bọ̀. Tèmi náà wà nínú báàgì yẹn. Láti Àjíǹde ni mo ti ń fi fóònù yín àtijọ́ kọ́ Python ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, lábẹ́ tábìlì, láàárín apá aṣọ àti kọ́là. Èmi ni mo rí àṣìṣe tó wà lára ògiri yín, kì í ṣe Bàbá. Mo fi àlàyé rẹ̀ sẹ́nu Bàbá nítorí mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ Fúnmi ló sọ ọ́, ẹ máa ní kí n lọ jókòó.

Ìyá tó ń ta aṣọ ní Ẹ̀rìn ló ń bá mi mú ìwé yìí dé Òṣogbo lọ́la. Ní Sátidé, n óò wà ní gáréèjì láti àárọ̀. Bí mo bá rí yín tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀yin tẹrù, n óò kúnlẹ̀ kí yín, n óò gba báàgì lọ́wọ́ yín bí àbúrò gidi, n óò sì gbé e padà sínú ọkọ̀ tó gbé yín wá. Bí awakọ̀ bá bèèrè pé kí ló dé, ohùn Bàbá ni n óò fi dá a lóhùn.

Èmi àbúrò yín,
Fúnmi.